Ẹ Jẹ́ Kọ́mọ Ṣeré Kó Tó Wọ Kíláàsì

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, ní Ìbàdàn)

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ jókòó síwájú níbí, mo rí yín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́tọ̀, torí púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀dọ̀ yín la ti bá a. Sátidé ni òní. Mo mọ̀ pé ìgbéyàwó ń bẹ níta, ìsìnkú àgbà ń bẹ níta, ọjà ń bẹ níta, ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ. A ò ní fi ọmọ ṣòfò o.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ fi ń mọ̀ pé ọmọ ti tó lọ sí ilé-ìwé?

Àwọn bàbá wa ní èsì tiwọn. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ya dé bí omi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé ìbí, ìyá wọn kàn mọ̀ pé ìgbà ìkórè ni wọ́n bí wọn ni. Kí ni olùkọ́ ṣe? Ó ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá láàárín orí, kó fi kan etí òsì. Bó bá kàn án, ó wọlé. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo rí ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn. Ọwọ́ yín kan etí lọ́jọ́ náà, àbí kò kàn án?

Lónìí, ìwé ìbí wà. A kò wọn ọwọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kí la fi rọ́pò rẹ̀? Bí òbí bá mú ọmọ wá bá mi, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àǹtí, ó ti mọ ABC. Ó ti lè ka wọ́ọ̀nù, túù, tíríì dé ọgọ́rùn-ún." Ọmọ náà á dúró, á na ọrùn, á kà á kíákíá, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́ fún un. Inú èmi náà máa ń dùn. Àmọ́ mo fẹ́ sọ ohun kan fún yín lónìí, ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ohun tí kíláàsì kìíní ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ, inú eré ilé ni ọmọ ti ń kọ́ ọ. Àwa òbí la sì ni iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe olùkọ́ lẹ́sìn tí a ń sanwó fún lẹ́yìn ilé-ìwé.

Ohun tí kíláàsì ń béèrè

Ẹ bá mi wọ kíláàsì kìíní lọ́jọ́ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọmọ pọ̀. Olùkọ́ ní, "Ẹ jókòó. Ẹ gbé àpò yín sábẹ́ tábìlì. Ẹ mú pẹ́ńsù yín jáde. Ẹ má tíì kọ nǹkan kan." Àṣẹ mẹ́rin nìyẹn. Ta ni yóò ṣe é? Ọmọ tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tẹ̀ léra, tí kò ní gbàgbé èkíní kí ẹ̀kẹrin tó dé. Ọmọ tí ìka rẹ̀ lè ṣí síìpù àpò fúnra rẹ̀. Ọmọ tó lè di pẹ́ńsù mú, kí ọwọ́ máa yún un láti kọ nǹkan, kó sì dúró. Ọmọ tó jẹ́ pé bí ohun kan bá ṣòro fún un, á lè la ẹnu sọ pé, "Àǹtí, mi ò rí tèmi." Ẹ wò ó dáadáa. Níbo ni ABC wà nínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi rí tó lè ka iye dé ọgọ́rùn-ún láìmí. Mo ní kó bá mi mú ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin wá nínú páálí. Ó dúró ti páálí náà. Ó mú ọ̀kan, ó wò mí. Ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó tún wò mí. Ó mọ "fọ́ọ̀" lẹ́nu, kò mọ mẹ́rin lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan jókòó ní ìsàlẹ̀, ọmọ ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ìsọ̀. Ọmọ náà kò lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi kankan, ẹ̀yìn ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti ń ṣeré. Ó dìde láìjẹ́ pé mo pè é, ó ka ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọkùnrin yẹn, ó wá bi mí pé, "Àǹtí, ṣé kò ní ènì?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo tún ro ó jinlẹ̀. Kóńgò ni ọmọ yẹn fi kọ́ ìṣirò. Ó ti ń wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń wọn ẹ̀wà, tó ń gé orí rẹ̀, tó ń fi ènì sí i. Nígbà tí ìyá bá sì jáde, òun náà á bu iyanrìn sínú agolo mílíìkì, á máa tà á fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: "Èló lẹ fẹ́ rà?" Eré ni. Eré yẹn ló kọ́ ọ pé iye kì í ṣe orin ẹnu, pé ohun tí èèyàn lè kó lé ọwọ́ ni.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ wo ni ọmọ wa ń kó jáde nílé lọ sí kíláàsì? Mo fẹ́ mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọwọ́, etí àti ẹnu, lẹ́yìn náà sùúrù.

Ọwọ́ tó ti ṣa ẹ̀wà

Ẹ di ọrùn-ọwọ́ yín mú. Egungun kéékèèké mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Bí a bá bí ọmọ, àwọn egungun wọ̀nyẹn kò tíì di egungun, wọ́n ṣì rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń le, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ọmọ sì máa ń lé ní ọdún mẹ́sàn-án kí gbogbo wọn tó le tán. Báyìí ni Ọlọ́run ṣe dá a. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọ ọdún mẹ́ta tó di pẹ́ńsù mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó di ọmọrogùn mú, tó ń fi gbogbo apá fa ìlà, ẹ má nà án. Ẹ má sọ pé ọ̀lẹ ni. Ọwọ́ yẹn kò tíì tó ni.

Kí ló ń jẹ́ kó tó? Ṣé ká fún un ní ìwé kó máa da "A" kọ títí ilẹ̀ fi máa ṣú? Rárá o. Ẹ wá wo ohun tí mo rí.

Ìyá àgbà kan ń bẹ ní àdúgbò wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo lọ kí wọn, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ bí ọdún mẹ́rin. Wọ́n da ẹ̀wà sórí àtẹ, wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí ọmọ ṣa òkúta sí apá kan, kó ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sí apá kejì. Ọmọ náà tẹrí ba. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là mú nǹkan kan tí kò ju orí ìṣó lọ. Ó gbé e sókè.

"Ìyá, eléyìí dúdú."

"Ó dúdú lóòótọ́. Ṣé òkúta ni, àbí èérún igi?"

Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Kò fọ́, Ìyá."

"Tí kò bá fọ́ ńkọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Òkúta ni."

Ìyá kò ní "ó káre" lọ títí. Wọ́n kàn ní, "Jù ú sọ́hùn-ún," wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, tí ọmọ fẹ́ máa wo ìta, ìyá ní, "Àlọ́ o!" Ọmọ ní, "Àlọ̀!" Wọ́n ní, "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Kí ni o?" Ọmọ wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo ojú mi. Ìyá kò sọ fún un. Wọ́n kan fi ìka ti ẹ̀wà kan síwájú ọmọ náà, kí ojú dúdú rẹ̀ lè kọjú sókè. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi rí ojú ọmọ yẹn! Ó figbe ta: "Ẹ̀wà ni! Ẹ̀wà ló lé tìróò!" Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀wà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú wọn bóyá lóòótọ́ ni gbogbo wọn lé tìróò.

Ṣé ẹ rí i? Ìka méjì tó fi mú òkúta yẹn ni ìka méjì tí yóò fi di pẹ́ńsù mú. Ojú tó fi mọ ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ yàtọ̀ sí èyí tó dára ni ojú tí yóò fi mọ "b" yàtọ̀ sí "d", tí yóò fi rí àmì abẹ́ "ọ". Ó sì ti ṣe ìwádìí: ó tẹ̀ ẹ́ wò kó tó sọ ohun tó jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Wọ́n kò ná kọ́bọ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n máa jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni.

Ẹ̀wà nìkan kọ́ o. Ẹ̀gúsí ń bẹ tí a ń bó. Àgbàdo ń bẹ tí a ń yìn. Amọ̀ ń bẹ lẹ́yìn òjò, kí ọmọ fi mọ ìkòkò, kó fi mọ ewúrẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì bàbá ń bẹ, kó máa tì í, kó máa tú u. Ìdérí ìgò ń bẹ. Ẹ jẹ́ kí ó dá bàtà rẹ̀ wọ̀, bó tilẹ̀ ń pẹ́ yín. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo, ẹ jọ̀ọ́: ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má fi ẹ̀wà tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Á tì í bọ imú, á gbé e mì. Kódà èyí tó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jókòó tì í. Jíjókòó tì í yẹn gan-an ni èròjà inú ọbẹ̀.

Etí àti ẹnu

Ẹ jẹ́ kí n kọjá sí etí. Ìwé kíkà, etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò lè gbọ́ pé "bàtà" ní ìró méjì, "bà" àti "tà", báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí lẹ́tà ń ṣe níbẹ̀? Àwọn ọmọ Yorùbá sì ní eré kan tó jẹ́ pé bí ẹni tó gbọ́n jù lọ láyé bá jókòó láti dá eré sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìwé kíkà, kò lè dá èyí tó dára jù ú lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹnà!

Ẹ̀yin tí ẹ fọ ẹnà nígbà èwe, ẹ nawọ́ sókè. Ẹ wò ó, gbogbo ilé! "Bàbá ti dé" á di "Bàgàbágá tigi dégé." Kí ọmọ tó lè sọ ìyẹn, ó ní láti gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ lọ́kàn rẹ̀, ìró kan lẹ́yìn èkejì, kó fi "g" sí àárín, kó tún fi fáwẹ̀lì àti ohùn ti ìró yẹn gan-an tẹ̀ lé e. Ohùn ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ di ti òkè. Iṣẹ́ ńlá ni! Ọmọ ọdún mẹ́rin lè má lè fọ̀ ọ́ dáadáa, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́ kó má baà gbọ́ àṣírí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bó ṣe ń tẹ́tí, bó ṣe ń sáré tẹ̀ lé wọn kiri kó lè mú un. Nígbà tó bá fi mú un, ó ti mọ ohun tí olùkọ́ fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọ́ ọ.

Ẹ fi àlọ́ kún un. Àlọ́ àpamọ̀ ń kọ́ ọmọ láti ronú: "Òkun ń hó yeye, ọ̀sà ń hó yeye, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ọmọrogùn ni. Àlọ́ àpagbè ń kọ́ ọ pé ìtàn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó ní òpin. Ó ń kọ́ ọ láti jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn, kó sì dá sí i nígbà tí orin bá kàn án. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ní kí òun náà pa á fún yín. Á gbé ìjàpá sí ibi tí ìjàpá kò sí. Ẹ jẹ́ kó pa á tán.

Ibi tí mo fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀ rè é, torí ó ń dùn mí. Àwọn òbí kan ti fòfin de Yorùbá nílé. "Má sọ fẹnákúlà!" Ìyá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, bàbá kò gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀, ọmọ wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bíi "Come", "Sit", "Stop it", láti àárọ̀ di alẹ́. Kò sí àlọ́. Kò sí "tí kò bá fọ́ ńkọ́?" Ilé dákẹ́. Ọmọ yẹn á dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Yorùbá, méjèèjì kò tó láti fi sọ ohun tó ń ṣe é. Ọmọ kan sunkún ní kíláàsì títí, kò lè sọ fún mi pé èékánná ló ń dun òun. Kò ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè kankan.

Bí ẹ bá rò pé èdè wa yóò dí ọmọ lọ́wọ́, ẹ rántí ohun tí wọ́n ṣe ní Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló ń kọ́ wọn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ìdajì ọ̀nà. Ta ló ṣe dáadáa jù? Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́. Wọn kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì! Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn náà ló wá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Torí náà, ẹ̀yin ìyá, èdè tó bá dùn lẹ́nu yín, tí ẹ fi lè bá ọmọ ṣeré kí ẹ sì rẹ́rìn-ín, òun ni kí ẹ fi bá a ṣeré. Bó bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, àwa yóò fi Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí.

Sùúrù

Ẹ̀ṣọ́ kẹta ni sùúrù, òun ni mo sì kà sí ńlá jù lọ. Ọmọ tí kò lè dúró de àsìkò rẹ̀ kò lè kọ́ nǹkan kan nínú kíláàsì ọmọ ogójì. Ta ló ń kọ́ ọmọ ní sùúrù? Pàṣán kò lè kọ́ ọ. Ẹ̀rù ni pàṣán ń kọ́ ọmọ, bí ẹni tó mú pàṣán bá sì ti jáde, ẹ̀rù ti lọ.

Ẹ rántí eré "lẹ́jẹ̀". Ọ̀kan á jẹ́ olórí. Á ní, "Ewúrẹ́ lẹ́jẹ̀?" Gbogbo wọn á gbè é: "Lẹ́jẹ̀!" "Àgùntàn lẹ́jẹ̀?" "Lẹ́jẹ̀!" "Adìyẹ lẹ́jẹ̀?" "Lẹ́jẹ̀!" Á máa yára, á máa yára, lẹ́ẹ̀kan náà á ní, "Òkúta lẹ́jẹ̀?" Ẹni tó bá ní "lẹ́jẹ̀" ti jáde! Kí ni ọmọ ń ṣe níbẹ̀? Ẹnu ti fẹ́ yá sọ̀rọ̀, ọpọlọ ní kó dúró. Ó ń fi ọgbọ́n kó ara rẹ̀ níjàánu. "Ẹ mú pẹ́ńsù jáde, ẹ má tíì kọ nǹkan kan" náà nìyẹn, àmọ́ ẹ̀rín ló fi kọ́ èyí. Ẹ tún wo bojúbojú. Ẹni tí wọ́n bò lójú gbọ́dọ̀ dúró títí wọn yóò fi ní kó ṣí i. Ọmọ ọdún mẹ́ta á máa yọjú láàárín ìka. Ọmọ ọdún márùn-ún á di ojú pa, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì dúró.

Ayò náà ń bẹ. Ẹ má sọ pé eré àgbà ni. Ọpọ́n rẹ̀ ní ilé méjìlá, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, 48 ni gbogbo rẹ̀. Bí kò bá sí ọpọ́n, ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀, ẹ ṣa òkúta. Ọmọ kékeré kò ní láti mọ ọgbọ́n àwọn ọ̀ta, àwọn tó mọ ayò ta jù. Kí ó kàn máa kó ọmọ ayò, kó máa pín in sínú ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má fo ilé kankan, kó sì jẹ́ kí èkejì rẹ̀ ta tirẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, ẹ má fi tirẹ̀ fún un nítorí ẹkún. Ẹ ní, "Ó dùn ẹ́, àbí? Jẹ́ ká tún un ta." Ọmọ tó ti kọ́ bí a ṣe ń pàdánù nílé kò ní da ìwé nù ní kíláàsì nígbà tó bá gba òdo.

Ohun tó ń gba eré lọ́wọ́ wọn

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ mọ̀ ọ́n.

Àkọ́kọ́ ni ìkánjú. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni kó bẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwa ń ti ọmọ ọdún mẹ́rin wọ ibẹ̀, a tún ń fi lẹ́sìn kún un ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní ilẹ̀ Finland, ọdún tí ọmọ bá máa pé méje ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé gidi. Kí ìgbà yẹn tó tó, eré ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣe. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òpè ni wọ́n. Ìyá mi, owó lẹ́sìn ọmọ ọdún mẹ́ta yẹn, ẹ fi ra ẹyin fún un.

Èkejì ni fóònù. Mo mọ̀ pé ó ń rẹ̀ yín. Ẹ dé láti ọjà, ọmọ ń pariwo, ẹ fi fóònù lé e lọ́wọ́, ilé á rọ̀. Ṣùgbọ́n àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ ní 2019: ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọdọ̀ jókòó sídìí ohun tó ń tàn yẹn ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, èyí tí kò tíì pé ọdún kan kò sì gbọdọ̀ wò ó rárá. Wọ́n ní ó kéré tán wákàtí mẹ́ta ni kí ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin fi máa lo ara rẹ̀ lóòjọ́, bíi kó máa rìn, kó máa sáré, kó máa fò, ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin sì gbọ́dọ̀ sun oorun wákàtí mẹ́wàá ó kéré tán. Fóònù kì í béèrè pé "tí kò bá fọ́ ńkọ́?" kó sì dúró de èsì.

Ẹ̀kẹta ni pé àwa gan-an ka eré sí ìfàkókòṣòfò. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ẹ̀tọ́ ọmọ ni. Ó wà nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí Nàìjíríà ṣe ní 2003: ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, èyí kàn wá. Ẹ má gba àsìkò eré lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé kò parí iṣẹ́. Ẹni tí kò parí iṣẹ́ ló nílò eré jù.

Ìbéèrè

Mo dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀, mo ní kí wọ́n béèrè ohun tó bá wà lọ́kàn wọn.

Bàbá kan dìde, wọ́n ní awakọ̀ ni àwọn. "Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín dára. Àmọ́ ìdájí ni mo ń jáde, ọmọ á ti sùn kí n tó dé. Ìgbà wo ni mo fẹ́ bá a ṣa ẹ̀wà?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ọjọ́ wo lẹ kì í jáde?"

Wọ́n ní Sánńdè.

"Kí lẹ ń ṣe láàárọ̀ Sánńdè?"

"Mo ń fọ mọ́tò."

Mo ní, ó parí! Ẹ fún un ní àkísà tirẹ̀. Ẹ má fún un ní ibi tó fẹ́, ẹ ní, "Bá mi fọ táyà ẹ̀yìn, ti ọwọ́ òsì." Ẹ wò ó bóyá á mọ òsì. Ẹ ní kó ka táyà. Á ní mẹ́rin. Ẹ ṣí búùtù, ẹ bi í pé, "Eléyìí ńkọ́?" Ẹ bi í ìdí tí omi fi ń ṣàn wá sísàlẹ̀ tí kì í ṣàn lọ sókè, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó máa sọ. Bí ọwọ́ yín bá kún, ẹ jẹ́ kó ka nọ́ńbà mọ́tò fún yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó fún àkísà náà dáadáa kí omi rẹ̀ gbẹ, torí ọwọ́ tó ń fún àkísà ń le. Ààbọ̀ wákàtí ni. Ẹ pa fóònù yín nígbà náà.

Ìyá àgbà kan tó jókòó síwájú kò dìde, wọ́n kan gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi fẹ́ pa àlọ́ fún wọn o. Ìyá wọn ló ní kí n má ba Gẹ̀ẹ́sì wọn jẹ́."

Mo ní, "Ìyá, ẹ pa àlọ́ yín. Ìyá wọn wà níjókòó níbí?"

Wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́.

A ti fẹnu kò pé ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀, a ó tún pàdé ní ọgbà yìí kan náà. Ẹ mú ọmọ yín dání, láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà. Kí ẹni tó bá ní ọpọ́n ayò gbé e wá. Kí ìyá àgbà tó bá mọ àlọ́ mú un bọ̀. Ẹ má wọ aṣọ àríyá fún ọmọ o, iyanrìn ni wọ́n fẹ́ jókòó lé.